Ìyá Olófìfo àti Oògùn Rẹ̀

Ọjọ́ tí káfíńtà jáde lọ ra òfìfo ni gbogbo àdúgbò fi ń rántí ìyá agbẹ̀bí wa tó ti kú. Ìyàwó káfíńtà bímọ obìnrin sílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá agbẹ̀bí fi òwú di ìwọ́ ọmọ, ó gé e. Káfíńtà wá bi í pé kí ni kí àwọn máa fi sójú ìwọ́ náà. Ìyá ń fọwọ́ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Òfìfo ni kí ẹ máa fi sí i."

Káfíńtà kò béèrè ìtumọ̀. Ìdodo tó kẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lọmọ náà lò láyé. Ó wọ bàtà, ó dé ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹni kejì bi í bóyá olómi ni àbí oníhóró. Ẹni kẹta, tí kì í fẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ò ní nǹkan, ṣí àpótí wò, ó pa á dé, ó ní èyí tó kù lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ tà, kó padà wá lọ́la.

Bí ìyá agbẹ̀bí wa ṣe di Ìyá Olófìfo nìyẹn. Kò bínú sí i. Ó ní ọjà àwọn oníkẹ́mísì lè tán, tòun ò lè tán láéláé.

Tí wọ́n bá pè é síbi ìrọbí, ìkòkò ló máa kọ́kọ́ béèrè. Á ju abẹ tuntun àti òwú sínú omi, á gbé e kaná, á jókòó tì í bí ẹni ń se ẹ̀wà. Ogún ìṣẹ́jú gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí aránṣọ àdúgbò wa ń rọbí, ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa á, ó ṣí ìkòkò, ó wò ó, ó rọra dé e padà. Ó ní òun mọ̀ pé nǹkan ti le, òun ò mọ̀ pé ó ti dórí ká máa se irin jẹ.

Ẹni tí kò bá sì fi ọṣẹ fọwọ́, kò ní gbé ọmọ. Ó dá onílé padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ilé ni onílé ní, kò ní ìwọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìyá káfíńtà ò gbà pé kí wọ́n má fi nǹkan kan sí ìwọ́ náà. Ìbẹ̀rù ọmọ tó kú yẹn ò jẹ́ kó sùn. Báwo lèèyàn ṣe máa fi ojú egbò ọmọ sílẹ̀ gbẹrẹfu bẹ́ẹ̀? Ó ní Ìyá Olófìfo ní oògùn gidi kan tó ń fi pa mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọlé lọ wẹ̀, ó mú ọṣẹ ìfọyín, ó fi kun ìwọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ìdí ìwọ́ ti pọ́n, ó ti ń rùn, ara ọmọ gbóná, ọmọ kọ ọmú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Olófìfo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn ọmọ, ó tún gèlè wé. Káfíńtà bi í pé ṣé kò ní fún àwọn ní nǹkan kan ni.

Ó ní, "Ibi tí agbára mi mọ nìyí. Ọsibítù ló kàn. Ẹ dìde."

Nọ́ọ̀sì mú ìwé, ó béèrè ohun tí wọ́n fi sí i. Ìyá káfíńtà sáré dáhùn pé òfìfo ni. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè, ó ní kí wọ́n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun.

Ìyá Olófìfo yíjú sí i jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ oògùn mi. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa tọ́jú ni."

Màmá wolẹ̀. "Ọṣẹ ìfọyín ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, abẹ́rẹ́ lálẹ́, ọjọ́ méje. Ọ̀hún ni wọ́n wà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù gan-an, ìwọ́ já, ọmọ sì gba ọmú bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Àtìgbà náà ni ìyá káfíńtà ti ń tẹ̀ lé Ìyá Olófìfo kiri ilé ìrọbí, ọṣẹ lọ́wọ́. Ó wá le ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ìyá ṣàròyé fún wa nígbà kan pé òun ti fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin náà ní kò tíì mọ́.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá jẹun ọ̀sán tán, ó sùn, kò jí mọ́. Àwọn obìnrin kún àgbàlá rẹ̀. Wọ́n sọ ti onílé, wọ́n sọ ti irin sísè, ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. Ìyàwó káfíńtà nìkan ló tẹrí ba, a sì rò pé ẹkún ló ń sun.

Ó ní, "Ọmọ mi ti ń tilẹ̀kùn wẹ̀ báyìí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rí ìdodo ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ tiẹ̀ wò ó, mo ti gbàgbé láti máa yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi etí aṣọ nujú. Ó ní ohun tí Ìyá ṣe fún òun nìyẹn.