Kílò Márùn-ún Tèmi

Òórùn ọkà bàbà tuntun àti ata gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbà ọ́ nímú tí o bá yà sí ìsọ̀ Alhaji tó ń ta oúnjẹ oníhóró lọ́jà Kawo. Sísín ni wà á kọ́kọ́ sín kí o tó kí i. Síkéèlì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ mọ́ igi àjà, òun ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà. Lórí síkéèlì yẹn ni èmi àti ọkọ mi gbé báàgì wa kọ́ ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, kí àwọn ajínigbé tó sọ gbogbo ọ̀nà di ohun ẹ̀rù. Báàgì tèmi, kílò márùn-ún. Báàgì tirẹ̀, kílò márùn-ún. Alhaji wo ọkọ mi, ó wo èmi náà. "Haba Hajiya, ina za ku?" Ó fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé òkè la fẹ́ lọ gùn, pé a ò lọ tajà, a ò sì lọ kí ẹnikẹ́ni, ó di orí mú. "Subhanallahi!" Ó bèèrè pé ṣé a ò nílé ni.

Bí o bá mọ ọkọ mi nígbà náà, kò ní í yà ọ́ lẹ́nu. Igbó ọba ní Afaka ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ àwọn òyìnbó tó máa ń wá wo ẹyẹ níbẹ̀ ló sì ti kọ́ ohun tí òun ń pè ní ìrìn fúyẹ́fúyẹ́. Kò ju pé kéèyàn gbé gbogbo ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò fi sùn sẹ́yìn ara rẹ̀, kó sì rí i dájú pé kò wúwo. Wèrè díẹ̀ wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ó gé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wa sí méjì, ó ní ìdajì yòókù kò wúlò fún eyín. Ó fi agolo mílíìkì ṣe sítóòfù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Gàárì, kúlíkúlí àti danbun nama, ìyẹn ẹran tí wọ́n gún tí wọ́n sì yan títí tó fi dà bí òwú, ni oúnjẹ wa. A ti rìn bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí à ń sùn lábẹ́ ọ̀rá tí a fi okùn fà láàárín igi méjì. Mo máa ń ráhùn o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo dùbúlẹ̀ àìsàn. Iju ni, ìyẹn kókó tó máa ń hù nínú ilé ọmọ. Wọ́n là mí nínú, ẹ̀jẹ̀ sì dà lára mi débi pé àwọn dókítà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọlọ́run yọ mí, Alhamdulillahi. Àmọ́ nígbà tí mo padà délé, mo di ẹyin. Ìyá ọkọ mi á já korobá gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Hayin Banki á sáré gbé àga wá bí mo bá ti yọjú. Odidi oṣù mẹ́wàá! Dókítà ti ní kí n máa gbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́ bóyá agbára kankan ṣẹ́ kù lára mi, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Mo bá sọ fún ọkọ mi pé a máa lọ gun òkè Kagoro, pé ìdajì ẹrù ni n ó gbé, kò ní í dín, kò ní í lé. Mo ní tó bá fi àánú yọ nǹkan kan kúrò nínú tèmi, èmi àti ẹ̀ ò tún ní í jọ rìn mọ́. "Ṣé ẹ gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́." Mo gbọ́ kì í ṣe mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló ráyè yẹ ọ̀rọ̀ wò? Ohun tó gbé wa dé ìdí síkéèlì Alhaji nìyẹn. A pín ẹrù: oúnjẹ, sítóòfù àti báńdéèjì wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀rá, okùn àti omi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, bí mo ṣe kírun Sùbúhì tán, mo wá ìrọ̀rí àtijọ́ kan tí mo fẹ́ fi dí ojú fèrèsé, mi ò rí i. Mo fi èpè ránṣẹ́ sí àwọn eku. A wọ mọ́tò, a sì sùn ní ìsàlẹ̀ òkè lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi kan lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin ọlọ́yàyà tó fi ọbẹ̀ adìyẹ ṣe wá lálejò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn lọ́jọ́ náà! Igbó yẹn tutù, ewé tó ti rà ń rùn dáadáa bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, àwọn ọ̀bọ sì ń ké lókè orí wa bí ẹni ń bú ara wọn. Èmi ni mo wà níwájú. Èmi! Ọkọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, òógùn sì ti mú ẹ̀wù mọ́ ọn lára. Mo dúró dè é lórí àpáta kan, mo fọwọ́ kọ́ ìbàdí. "Ẹ máa bọ̀ o, bàbá àgbà. Ṣé kí n bá yín gbé e ni?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan ojú àpá tó wà ní ikùn mi lórí aṣọ, mo sì sọ ọ́ sókè ketekete pé ara mi ti padà dé, pé kílò márùn-ún ò tiẹ̀ wúwo lẹ́yìn mi mọ́. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe gba korobá mi padà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi.

Odò kékeré kan la fẹ́ dá kọjá nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Mo kọjá. Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, gbì! Nígbà tí mo máa fi yíjú, ọkọ mi ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sábẹ́ rẹ̀. Eékún rẹ̀ ti ń wú lójú mi níbẹ̀. Mo wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, mo tú u láti mú báńdéèjì. Àpò kékeré òkè rẹ̀, tí aṣọ ìkírun mi wà, nìkan ni mo ti ń ṣí láti ilé. Mo wá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ gan-an.

Fóòmù ni mo fà jáde. Fóòmù pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n ya wẹ́wẹ́. Mo tún fà, òmíràn. Mo da báàgì dé: fóòmù, ọ̀rá gàárì kékeré kan, kò sí nǹkan mìíràn. Lá ìláhà illalláhù! Mo pariwo pé wọ́n ti jà wá lólè, pé ọmọ kọ́ńdọ́ mọ́tò yẹn ni, pé kí la máa jẹ, kí la máa fi di ẹsẹ̀? Mo ṣì ń pariwo lọ́wọ́ nígbà tí òórùn fóòmù náà kàn mí nímú. Òróró irun mi ni. Ìrọ̀rí mi ni.

Mo wo ọkọ mi. Ojú odò ló ń wò.

"Kì í ṣe olè," ló sọ. "Gbogbo ẹ̀ wà nínú tèmi."

Mo lọ síbi tí báàgì rẹ̀ wà, mo fọwọ́ kan fà á. Kò gbéra. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó wá yọ díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Oúnjẹ yòókù, sítóòfù, báńdéèjì, aṣọ òtútù mi, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi. Àti àárọ̀ ni mo ti ń gun òkè pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn, tí mo ń fi ẹni tó ru ẹrù mi ṣe yẹ̀yẹ́! Ojú tì mí, inú bí mi, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Ọdún mẹ́jọ tí a ti ṣègbéyàwó, mi ò pè é ní "ìwọ" rí. Mo pè é lọ́jọ́ náà. "Ìwọ! O tàn mí jẹ!"

Kò bínú. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo gbé ọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, bí ewé lo rí lọ́wọ́ mi. O ò wúwo rárá. Ẹ̀rù yẹn ò tíì kúrò lára mi."

Ọkùnrin tó ń gé búrọ́ọ̀ṣì sí méjì kí ẹrù lè fúyẹ́! Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìbínú náà ò sì lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá mọ̀ lórí òkè yẹn, pé ara mi ti padà, irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹkún ò lè gbé wa sọ̀kalẹ̀. Mo to fóòmù yí eékún rẹ̀ ká, mo fi báńdéèjì dì í le, mo sì gé igi tí yóò fi tilẹ̀ fún un. Mo wá kó gbogbo ẹrù sínú báàgì kan. Ó ní kí n fi omi sílẹ̀, kí n fi ọ̀rá sílẹ̀. Mo ní ṣíbí kan ò ní í kù síbí. Mo kúnlẹ̀, mo ki apá bọ okùn rẹ̀, mo ní "Bismillah", mo sì dìde. Ojú àpá mi fà. Ó gbé apá rẹ̀ kọ́ mi léjìká. Bí a ṣe ń sọ̀ nìyẹn, ìṣísẹ̀ kan, ìsinmi kan, láti ìgbà ìrun ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo ń retí pé nǹkan kan máa ya nínú mi. Kò sí ohun tó ya. Nígbà tí a dé ilé ìyá yẹn, ó fẹ́ bá mi sọ báàgì, ó fà á, ó figbe ta, ó sì pe àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

Bí a ṣe dé Kaduna, tí mo mú ọkọ mi lọ sí ọsibítù tán, ọ̀dọ̀ Alhaji ni mo gba lọ kí n tó tú ẹrù. Mo gbé e kọ́ fúnra mi. Ọwọ́ síkéèlì kọjá mẹ́sàn-án. "Kai! Wa ya ɗauko wannan?" Ó ń bi mí pé ta ló rù ú.

"Ni ce," ni mo wí. Èmi ni.

Ó ti pẹ́. Eékún yẹn jinná, àmọ́ kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwa náà ò lọ sókè mọ́. Láti Hayin Banki la ti ń rìn lọ sápá Malali, lẹ́bàá odò, báàgì lẹ́yìn, kílò márùn-ún márùn-ún, torí ó ní òun ò fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni. Ó ń tiro díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ ohun tí mo ń ṣe? Bó bá ti lọ kírun Sùbúhì ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ń yọ ìgò omi méjì kúrò nínú báàgì rẹ̀, mo sì ń fi fóòmù rọ́pò wọn. Èmi tí mo pe ènìyàn ní ẹlẹ́tàn! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹsẹ̀ òun ti ń le, inú rẹ̀ sì ń dùn gan-an. Ńṣe ni ara mi dà bí ìgbà tí wọ́n bomi tútù lé mi lórí. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ohùn mi ni, lórí àpáta ọjọ́sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ fóòmù, mo dá omi padà. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di fírémù ilẹ̀kùn mú. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, mo fà á padà. Ó wò mí títí.

"Báàgì yìí wúwo lónìí o."

Mo ní, "Ẹrù yín ni."

Ó rọra rẹ́rìn-ín, ó tún okùn rẹ̀ fà le, ó sì ṣíwájú mi jáde.