Òórùn Tó Wà Lára Aṣọ Ọkọ Alágbàfọ̀

Ẹ má fi nǹkan pamọ́ fún alágbàfọ̀ o, ẹ kàn ń tan ara yín jẹ ni. Obìnrin tí mò ń wí yìí, kó tó rẹ aṣọ sómi, á kọ́kọ́ yí àpò rẹ̀ síta, á gbóòórùn ọrùn rẹ̀, á sì mọ ẹni tó mutí àti ẹni tó sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mọ̀ pé ọkọ òun ń ṣe nǹkan kan lábẹ́lẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni ṣòkòtò péńpé ọkọ rẹ̀ ń rùn bílíìṣì. Bílíìṣì kẹ̀? Òun náà ló ń fọ táwẹ́lì òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìkóríta, òórùn tó máa ń wà lára táwẹ́lì àwọn tó bá lo ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wọn gan-an nìyẹn. Ọkùnrin yìí, awakọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń sá fómi bí ológbò, kí ló ń wá ní òtẹ́ẹ̀lì? Ó bi í. Ọkọ ní, "Ọkọ̀ ọ̀gá ni mo lọ fọ̀." Irọ́ gbuu! Aṣọ ẹni tó fọkọ̀ á rùn ọṣẹ, á rùn gírísì. Ìfura loògùn àgbà. Ìyàwó gbà pé obìnrin kan wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ rán tọkọtaya lọ sinmi, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá fẹ̀yìn tì, ní àwọn erékùṣù kéékèèké tó tò lọ lójú òkun, níbi tí iyùn gbé ń hù lábẹ́ omi. "Ìyá Alágbàfọ̀," ọkọ ń yọ̀ ṣìnkìn, "ṣebí láti kékeré lo ti fẹ́ fojú rí ibi tí iyùn ti ń hù?" Ó wá ń gbé e bí ẹyin. Ẹ̀n-ẹ́n! Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìyàwó pe àbúrò rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. "Tí a bá ti lọ, wá kó gbogbo ẹrù mi. Ilé òfìfo ni kó wá bá." Ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé ọkọ lọ. Kò ní torí ìṣekúṣe ẹnìkan pàdánù iyùn.

Lọ́hùn-ún, yàrá wọn funfun, fèrèsé kọjú sókun. Ọkọ kì í jókòó síbẹ̀. Etí omi ló máa ń wà, tí òun àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyàwó yọ́ sẹ́yìn wọn, ó gbọ́ tí ọkọ ń sọ pé, "Má jẹ́ kó mọ̀ o, títí a ó fi débẹ̀." Bí àbúrò rẹ̀ ṣe pè é lórí fóònù nìyẹn: "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti kó o tán." Ó ní, "O ṣeun." Inú rẹ̀ dùn, ó sì korò.

Wọ́n wọkọ̀, wọ́n dé orí iyùn. Ọlọ́kọ̀ ní, "Ẹni tí kò bá mọ̀wẹ̀ kò ní wọ omi, àfi tí òmùwẹ̀ bá dì í mú." Ìyàwó, tí kò mọ̀wẹ̀, fà sẹ́yìn. Àfi jàbú! Ọkọ ti bẹ́ sómi.

"Yéè! Mo gbé! Ọkọ mi o!"

Ọkọ yọrí, ó ń wẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Má pariwo mọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ìkóríta ni mo ti kọ́ ìwẹ̀, àwọn ọmọdé sì fi mí ṣẹ̀sín dáadáa. Àwọn ará ibiṣẹ́ ló sọ fún mi pé wọn ò ní jẹ́ kí ìwọ nìkan wọ omi. Bọ́ sílẹ̀, mo dì ọ́ mú."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ki ojú bọmi: iyùn yọ ẹ̀ka, ó pupa, ó yẹ́lò, ẹja wẹ́wẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Omijé kún inú awò tí wọ́n fi sí i lójú. Ó yọrí.

"Bàbá ọmọ mi, mo ti kó ẹrù mi kúrò nílé."

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín tán. Ìyàwó sọ gbogbo rẹ̀: òórùn, òtẹ́ẹ̀lì, àbúrò rẹ̀.

"Ṣé ọ̀sán ni wọ́n kó o?"

"Ọ̀sán gangan ni."

"Àwọn aládùúgbò rí wọn?"

"Wọ́n rí wọn."

"A jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé o kọ̀ mí."

Ọkọ kò fi í sílẹ̀, torí ìyàwó kò mọ̀wẹ̀. Ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé e sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.