Ohùn Àǹtí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

"Orúnkún sókè! Ta ló ń sùn níbẹ̀ yẹn?"

Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn àǹtí tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ní Ìlódè ti ń jáde, kí òun fúnra rẹ̀ lè ráyè fò pẹ̀lú wa. Bátìrì tó ń sá sóòrùn ló fi ń lo rédíò tó fi ń lu kásẹ́ẹ̀tì náà.

Àwọn tó gbà pé ìjókòó nìkan ni ẹ̀kọ́ ṣì pọ̀ dòní. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ó ti rédíò mọ́ ọ́fíìsì.

"Àǹtí, ijó ti parí!"

"Ọ̀gá, ẹ tún wá gba ẹsẹ̀ wọn!"

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí dúró láàárín pápá láìsí rédíò. Àwa la pariwo "Orúnkún sókè!", a tilẹ̀ fa ohùn níbi tí kásẹ́ẹ̀tì ti máa ń fà. Ọ̀gá sáré lọ wò ó bóyá rédíò ṣì wà lọ́fíìsì. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í fò.