Iná Ń Bẹ Lórí Gbogbo Wa

Èmi ni mo dúró láàárín Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn tí mo pariwo pé iná ń bẹ lórí gbogbo ènìyàn. Títí dòní, mi ò tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ onídìrí tó fẹ́ fi ẹnu ba ọjà ìyá rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n máa wí. Bí inú ènìyàn bá dùn dé ibi tí tèmi dùn dé lọ́jọ́ yẹn, kò ní í ráyè ṣa ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá mi ni onídìrí náà. Abẹ́ àtíbàbà kan ní Bẹẹrẹ, lẹ́bàá ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó ló ń jókòó sí, òun àti àpótí ìjókòó rẹ̀, òòyà, ìlàrí, àti òwú dúdú tí a fi ń kó irun. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n dì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í dunni lórí. Àwọn obìnrin láti Kúdẹtì àti Òjé a máa fi onídìrí àdúgbò wọn sílẹ̀ wá bá a, pàápàá bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Láwọn ọdún 1980 nìyẹn. Ọdún tí mo wọ kíláàsì kẹta ní girama ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ènìyàn á jókòó lé ẹsẹ̀, á ní ẹsẹ̀ òun kú, kò ní í pẹ́, ẹsẹ̀ á jí. Ti ìyá mi kì í jí bọ̀rọ̀. Láti àtàǹpàkò dé ìka àárín ni. Á kọ́kọ́ máa ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní í mọ̀ bóyá nǹkan wà lọ́wọ́ òun tàbí kò sí. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, ọwọ́ òsì nìkan ló ń sọ fún un pé omi tutù. Òwú á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlàrí á bọ́. Irun tó máa ń dì tán kí oòrùn tó kan àtàrí wá di ohun tí oníbàárà ń jókòó tì títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí a jọ ń gbé agboolé kan náà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní, “Ọwọ́ yìí ti kú. Gbà fún Ọlọ́hun. Wá bá mi ta ọṣẹ ní Ọjà'ba, kí o fi irun sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì pé.” Kò fi ṣe ìkà, àánú àbúrò rẹ̀ ló ń ṣe é. Síbẹ̀ inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́. Ìyá mi ń wo àwọn ìka náà. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀. Irun dídì nìkan ni iṣẹ́ tó mọ̀, ìyá tó bí i ló kọ́ ọ, òun náà ló sì fi rán mi níléèwé. Nígbà tó pẹ́, ó ní bí Iléyá bá kọjá tí ọwọ́ kò bá jí, òun á kó òòyà òun nílẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni tíṣà sáyẹ́ǹsì tuntun kan dé sí iléèwé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín ni, aṣọ rẹ̀ kì í rí áyọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́ràn láti máa fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ìwé fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Àwọn tíṣà yòókù kò gba tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa fẹ́ ẹ ju àkókò ìsinmi lọ. Ó kọ́ wa pé pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì á tán lọ́jọ́ kan, torí inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi tó ń ṣàn jẹ́ agbára tí kì í tán. Èyí tí a bá lò lónìí kò ní í dín ti ọ̀la kù. Mo bú sẹ́rìn-ín ní kíláàsì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo to sórí ìlà kẹrosíìnì títí orí fi fọ́ mi, tí oòrùn tí kì í tán náà sì ń pa mí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ iṣan. Ó ní yàtọ̀ sí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àwọn iṣan mìíràn wà tí ìròyìn ń gbà. Ọpọlọ ni olórí wọn. Okùn ńlá kan ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba inú egungun ẹ̀yìn, ó wá pín kéékèèké títí dé ọmọ ìka. Bí o bá fọwọ́ kan omi tútù, ìròyìn á gba iṣan gòkè lọ bá ọpọlọ. Bí o bá fẹ́ ká ìka kò, àṣẹ á gba iṣan mìíràn sọ̀ kalẹ̀. Ó ní iná mànàmáná ló ń gbé àwọn ìròyìn yìí, iná kékeré tí kò lè pa èèrà.

Ẹnì kan bi í pé, “Sà, níbo ni iná yẹn ti ń wá?”

“Nínú oúnjẹ tí o jẹ. Ta ló sì kọ́kọ́ se oúnjẹ náà kí ìyá rẹ tó sè é? Oòrùn ni, lára ewé.”

Orí mi wú. Iṣu tí mo jẹ láàárọ̀, oòrùn ni! Mo wo ọwọ́ mi tí mo fi mú bírò, mo ń ká ìka kò, mo ń nà án, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tó yá, tíṣà kó wa gun òkè Mápó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù. A ti fi agolo mílíìkì gé abẹ̀bẹ̀ ńlá kan, a so ó mọ́ dainámò tí wọ́n fi ń tan iná kẹ̀kẹ́, a sì fa wáyà láti ara rẹ̀ dé ara gílóòbù kékeré kan. Inú páálí la gbé gílóòbù sí kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ wa, gbogbo páànù Ìbàdàn pọ́n lọ dé ibi tí ojú ríran dé. Afẹ́fẹ́ dé. Abẹ̀bẹ̀ yí, ó tún yí, ó ń pariwo. Àwa náà kígbe. A yọjú wo inú páálí, ó ṣókùnkùn birimù.

“Gílóòbù ti kú,” ni ẹnì kan wí. Òmíràn ní dainámò ló kú. Ẹlòmíràn ní gbogbo rẹ̀ ló kú, ká máa lọ sílé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tí a gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a lọ. Rọ́bà ara wáyà ti bó níbẹ̀, òkúta sì tẹ̀ ẹ́ títí irin méjèèjì inú rẹ̀ fi fara kanra, tí iná kò fi lè dé gílóòbù. Ó gbé òkúta kúrò, ó yà wọ́n. Inú páálí mọ́lẹ̀ yòò!

Ariwo tí a pa ló mú kí àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn Mápó sá gòkè wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jó. Èmi kò jó. Gílóòbù kò kú, dainámò kò kú, ọ̀nà tó wà láàárín wọn ni nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bi tíṣà pé, “Sà, ṣé nǹkan lè tẹ iṣan mọ́lẹ̀ báyìí lára ènìyàn?”

“Ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa. Níbi tó bá há ni, bí ọrùn ọwọ́.”

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, bàtà mi kan já lọ́nà, mo gbé e lọ́wọ́, mo ń sáré lọ.

Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá mi, ìdajì orí rẹ̀ ti di ṣùkú, ìdajì yòókù rí wúruwùru. Àwọn mìíràn ń dúró de àyè. N kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí mo ti figbe ta: “Màmi! Iná ń bẹ lórí gbogbo wa! Orí ló ń gbé, ó ń gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́!”

Ẹ bá mi wò ó. Nínú gbogbo ibi tí ènìyàn ti lè sọ pé iná wà lórí, ìsọ̀ onídìrí ni mo yàn. Bó bá ṣe ilé ìdáná ni, wọn ì bá rò pé nǹkan ń jó. Níbi tí wọ́n ti ń dirí, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lórí ọmọdé nìkan ni wọ́n mọ̀ ní iná. Obìnrin tó wà nílẹ̀ fò dìde pẹ̀lú ìdajì orí, ó ń họra. “Ẹ̀n-ẹ́n? Iná? Òòyà tẹ́ ẹ fi ń yà mí lórí látàárọ̀ rèé?” Àwọn tó ń dúró ti ń wé gèlè padà.

“Kì í ṣe iná orí!” ni mo wí. “Iná tó ń gbé èèyàn ni mò ń sọ!”

Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láyé òun, iná orí tó tóbi tó láti gbé èèyàn.

Ìyá mi fọ́ mi létí. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi fọ́ mi, etí mi sì ń hó. Mo di ọwọ́ náà mú, n kò jẹ́ kó gbà á padà. “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọwọ́ yín ò kú. Ọ̀nà ni nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀.” Mo fi ìka tọ ọ́ láti ọrùn rẹ̀ dé èjìká, dé ìgbọ̀nwọ́, bí tíṣà ṣe tọ wáyà. Mo ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, ọpọlọ, egungun ẹ̀yìn, dainámò, gbogbo rẹ̀ ló dàpọ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tó ti pàdé àtẹ́lẹwọ́, ó sọ pé “Áà!” Ó ní ó ta òun títí dé orí ìka. Ìka tí kò mọ omi tútù mọ́ ni.

Àwọn tó ń wé gèlè yí padà wá wò wá.

“O ní kò kú?” ni ìyá mi bi mí.

“Kò kú, Màmi.”

“Tún un kàn.”

Mo tún un kàn, ó sì tún ta á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Obìnrin tó dìde náà padà jókòó, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ fọ òòyà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní èmi kọ́ ni dókítà. Òótọ́ ló sọ, torí náà a wá dókítà lọ. Dókítà kan ibì kan náà tí mo kàn, ó ní ibẹ̀ ti wú, ó sì ti fún iṣan mọ́ra, torí irun tí ìyá mi ti ń dì láti kékeré. Ó fi báńdéèjì dì í, ó ní kó má dirí. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án, wọ́n là á, wọ́n sì tú ohun tó fún iṣan náà. Ìyá mi béèrè ọjọ́ tí ọwọ́ á jí. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí, iṣan tí nǹkan ti tẹ̀ pẹ́ máa ń lọ́ra, òmíràn kì í tilẹ̀ padà bọ̀ sípò.

Iléyá kọjá. Àtíbàbà ṣófo. Ìyá mi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, ó ń ta ọṣẹ, ó sì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì na ọṣẹ sí. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Láràárọ̀ ni mò ń fi ìyẹ́ adìyẹ ra àwọn ìka náà. “Màmi, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?” Á ní òun kò mọ̀ ọ́n, á sì fi òsì pa mí lórí kí n lọ síléèwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí iléèwé, ó ń se ọbẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi ń kàwé lórí ẹní. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ọmọrí ìkòkò láìronú. Ọwọ́ náà ti fò kúrò kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀, torí okùn inú egungun ẹ̀yìn ló ń pa irú àṣẹ yẹn, kì í dúró de ọpọlọ. Ọmọrí já bọ́, ó ń yí lọ sẹ́bàá ògiri. Ìyá mi gbé àwọn ìka sókè, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kígbe, “Ó jó mi! Ó jó mi o!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú igbá omi. “Yéè! Pẹ̀lẹ́! Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi!”

“Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́,” ni ìyá mi wí. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fẹ́ ẹnu sí ìka náà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó jó mi. Ẹ kí mi kú oríire.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó wò mí. Ó gbé igbá omi sílẹ̀.

“Kú oríire o,” ló wí. “Àbúrò mi, kú oríire.”