Irun Màmá Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́ta Opó

Òórùn ọṣẹ dúdú tí a pò mọ́ omi òjò ni ó máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe gbogbo Sátidé o. Ọ̀kan á kọjá láìsí i, èyí tó bá tẹ̀ lé e á mú un wá. Bí òórùn náà bá ti bá mi lórí ẹní, tí òórùn àdín tí wọ́n gbé ka iná kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, mo mọ̀ pé Màmá ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, ó ti tú irun rẹ̀, Bàbá sì ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń wá igbá.

Ọ̀wọ̀ ni a wà nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé. Wolé-wolé ni Bàbá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi: ọkùnrin tó wọ káàkí, tó ń ṣí ìdérí àmù onílé wò bóyá ẹ̀fọn ti yé síbẹ̀, tí àwọn obìnrin ń sá gbálẹ̀ nítorí rẹ̀ kí ó tó yọ ní ìkángun àdúgbò. Àwa tí a jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju àwọn ará ìta lọ. Nínú ọyẹ́, tí a bá ń gbọ̀n lẹ́bàá ilé ìwẹ̀, tí a ń fi omi ṣeré kí ó lè rò pé a ti wẹ̀, á ní, "A kì í bá omi ṣọ̀tá," á sì da kóròbá kan lé wa lórí.

Màmá mi jẹ́ tíṣà. Ọmọ Ìdògún ni. Bí a bá fa irun rẹ̀, ó gùn dé àárín ẹ̀yìn, ó sì kún, débi pé "Tíṣà Onírun" ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é bí ó bá ti kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ irun náà ni ẹjọ́ kan ṣoṣo tí Bàbá jẹ̀bi rẹ̀ nínú ilé wa. Ó fẹ́ kí Màmá máa fọ̀ ọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá ní kò jọ ọ́. "Orí mi kì í ṣe àwo tí a jẹun tán. Irun tí a bá ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà, ọṣẹ á kó gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀ lọ, á wá máa ṣẹ́. Èyí tí a kò bá sì fọ̀ rárá, ilé iná orí ni. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló bá tèmi mu." Bàbá rò ó títí, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun ni yóò máa da omi, kí òun lè fi ojú òun rí i pé orí náà mọ́. Àyẹ̀wò ni ó pè é. Obìnrin tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa á yọrí lójú fèrèsé, á ní, "Wolé-wolé, o ti di worí-worí!" Bàbá á kàn máa da omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí lọ sẹ́yìn.

Mo máa ń jókòó sílẹ̀ wò wọ́n. Màmá á pín irun náà sí mẹ́rin, á ba ìkọ̀ọ̀kan ní dẹ̀ngbẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra. Kì í ki ọṣẹ bọ orí. Inú igbá ni ó ti máa ń pò ó títí tí á fi hó, ìfófòó yẹn ni á sì dà sórí. Ọmọ ìka ni ó fi ń ra awọ orí, kì í ṣe èékánná. Bí ó bá fọ̀ ọ́ tán, kì í fún un bí ẹni fún aṣọ; síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá kan tó ti gbó ni ó fi ń tẹ omi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tí irun ṣì tutù ni àdín ń wọ̀ ọ́, ìgbà náà náà ni ooyà onígi ń wọ̀ ọ́, láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí ìdí. Gbogbo rẹ̀ á gba àárọ̀ kan gbáko. Kò sí ẹni tó ń kánjú nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́rú kan ni Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní orí ń fọ́ òun. Ọjọ́ Àìkú ni a sin ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè ohun tó wà láàárín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ilé aládùúgbò ni wọ́n kó èmi àti àwọn àbúrò mi lọ, nígbà tí a ó fi padà dé, èrò ti kún ilé, ẹnì kan sì ti yí dígí ìyẹ̀wù kọjú sí ògiri.

Ìyá Ìlórò ló tú irun Màmá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, obìnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín ní ọ̀fẹ́. Àdúgbò Ìlórò ní Ọ̀wọ̀ ni ó ń gbé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ti Màmá, ó tú gbogbo dídì náà pátá, ó sì ka òfin fún un lójú gbogbo wa. Fún oṣù mẹ́ta, omi kò gbọdọ̀ kan irun náà, òróró kò gbọdọ̀ kàn án, ooyà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, òun á wá fá a dán, nítorí irun opó kì í bá opó jáde. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn." Àwọn ìyá ìjọ wa tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá ló dá a lẹ́kun. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é."

Háà, inú bí mi! Aya wolé-wolé, òun ni wọ́n ní kí ó má fi omi kan orí? Inú bí mi sí Ìyá Ìlórò, inú sì bí mi sí Màmá tó gbà fún un láìjanpata.

Ọyẹ́ bá irun náà níbẹ̀. Eruku kún inú rẹ̀, ó gan pọ̀, ó ta kókó, títí apá ẹ̀yìn fi di ẹyọ kan bíi tìmùtìmù tí ewúrẹ́ sùn lé. Ó ń yún un. Mo máa ń rí i tó ń fi ìdí ìgbálẹ̀ họ ọ́ nígbà tó bá rò pé a kò wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irun ló ń bà mí lẹ́rù. Màmá kò sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò rí omijé lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ ti jẹun?" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀, bí a bá sì ní a kò tíì jẹ, kò gbọ́ wa. Ó ń rù. Àwọn tó ń bá a bójú tó kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ìwé ti ń béèrè ìgbà tí yóò padà. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí obìnrin ojú fèrèsé yẹn ń sọ fún ẹnì kan pé, "Bí a kò bá ṣọ́ra, obìnrin yìí á tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sùn sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ Màmá, kí ó má baà lè lọ ibì kan kí n má mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé ni Yèyé dé láti Ìdògún. Ìyá tó bí Màmá ni. Ó gbé ọṣẹ dúdú tó fi ewé wé dání, àti ìgò àdín kan. Ó mọ̀ pé Ìyá Ìlórò ń bọ̀ pẹ̀lú abẹ, nítorí náà kò jókòó kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Òjò ti dá, omi kànga wa sì le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ó rán mi lọ sódò, ó gbé omi tí mo pọn sínú oòrùn kí òtútù rẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yàrá tọ Màmá lọ.

"Dìde, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fọ orí rẹ."

Màmá kọjú sí ògiri. "Yèyé, ẹ má fọ̀ ọ́."

"Ṣé fífá lo wá fẹ́ kí wọ́n fá a?"

"Kí wọ́n má fá a."

"Kí ni ká wá ṣe sí i?"

Màmá ní, "Òun ló fọ̀ ọ́ kẹ́yìn."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá wà lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni. Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, Bàbá ló da omi sí i. Gbogbo wa rò pé òfin Ìyá Ìlórò ni Màmá ń pa mọ́. Àṣé omi ọkọ rẹ̀ ni kò fẹ́ kí omi ẹlòmíràn ṣàn kọjá lórí rẹ̀.

Yèyé kò bá a jà. Ó jókòó sẹ́bàá ẹní, ó ti ọmọ ìka bọ ìdí irun náà, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ awọ orí, ó sì fa ọwọ́ Màmá síbẹ̀. "Fọwọ́ kàn án. Èyí hù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tó ìdajì ìka. Ọkọ rẹ kò mọ̀ ọ́n, omi kankan kò sì tíì kàn án rí. Ta ni yóò fọ èyí?"

Màmá di ibẹ̀ mú. Ó mú un pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ máa bu omi."

Èmi ni Dúpẹ́.

A jókòó lẹ́yìn ilé. Yèyé kò fi omi bẹ̀rẹ̀. Àdín ni ó kọ́kọ́ fi pa àwọn kókó náà, ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú oòrùn kí wọ́n mu ún. Ó ní, "Kókó irun kì í gbọ́ ti ipá. Bí o bá fà á, á le sí i. Bí o bá bẹ̀ ẹ́, á tú." Ọmọ ìka rẹ̀ ló fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó tú u ní ìwọ̀nba, ó ba èyí tó tú kí ó má baà padà lọ́ pọ̀, ó sì tún mú òmíràn. Èmi ń bu omi nígbà tó bá ní kí n bù, láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe é. Ìdọ̀tí tó ń jáde dúdú bí omi aró.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìlórò ti bá wa. Abẹ náà wà nínú ìdì aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó wò wá. Mo fi ara mi sáàárín òun àti Màmá, bí ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń ṣe.

Yèyé kò gbójú sókè. "Ẹ kú ìrọ́jú, àna mi. Ẹ ti ṣe tiyín, oṣù mẹ́ta sì pé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi."

"Irun opó kì í bá opó jáde," ni Ìyá Ìlórò wí. Ohùn rẹ̀ kò le bíi ti ọjọ́ kìíní.

"Ẹ mú ìwọ̀n tó bá tó yín nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún un."

Ìyá Ìlórò súnmọ́ wa. Ó tẹ orí Màmá síwájú, ó gé ìdì irun kan ní ìpàkọ́, èyí tí kò tíì tú, ó fi aṣọ tó fi wé abẹ wé e. Ó ní, "Àbúrò mi ni. Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lódìkejì, ó fa irun díẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó. Ìyá méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ọ̀kan ń sọ èdè Ọ̀wọ̀, tí èkejì ń sọ ti Ìdògún, wọ́n jọ ń tú kókó orí kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tó ń ṣan ọṣẹ kúrò ni Màmá sunkún. Kì í ṣe ẹkún ìkọ̀kọ̀. Ó ké tí àwọn ará ilé sá jáde, tí wọ́n ń sọ pé ó tó, ó tó. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé igbá dúró. Yèyé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Dúpẹ́, má dá omi dúró." Mo ń dà á. Omi àti omijé jọ ń ṣàn, n kò mọ èyí tí í ṣe èyí. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ojú, ó béèrè bóyá a ti jẹun. A ní a kò tíì jẹ. Ó dìde pẹ̀lú orí tútù, ó lọ dáná.

Mo ti ju ọjọ́ orí Màmá ìgbà náà lọ dáadáa. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo gé irun mi mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ omi inú balùwẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Ní ìjọ wa, èmi ni wọ́n ń rán lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo mọ ẹsẹ Bíbélì tó bá ti opó mu, mo mọ èyí tó bá ti ìyá ọmọ mu, mo mọ ìgbà tí a ń sọ pé ẹ mú ọkàn le àti ìgbà tí a ń sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo sì máa ń wo aago. Bí mo bá padà sínú mọ́tò, mo máa ń mọ̀ nínú ara mi pé ibi tí mo bá ẹni náà ni mo fi í sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò mọ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ó kàn dúró nínú oòrùn, apá ń ro ó, ó ń bu omi títí wọ́n fi ní ó tó.