Ẹni Tí Mo Kọ sí Iṣẹ́ Oko

Èmi ni akọ̀wé tó ń pín àwọn ẹlẹ́wọ̀n sẹ́nu iṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n sì padà sílé ní Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ fún á jókòó níwájú mi, màá bi í léèrè ọdún tí wọ́n dá fún un, iṣẹ́ tó mọ̀ àti àìsàn tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni màá kọ ọ́ sí ilé ìránṣọ, ilé káfíńtà tàbí oko. Ọ̀gá á fọwọ́ sí i láìkà á. Agbára kékeré kọ́ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú ọmọ ìlú wa kan wá. Ayédèrú ìwé-ẹ̀rí ló fi wáṣẹ́, ni wọ́n bá dá ọdún méjì fún un. Mo fẹ́ ṣe é lóore. Oko ni mo kọ ọ́ sí, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà, wọ́n sì máa ń rí iṣu sun jẹ.

Ó rọra fi ohùn ilé wa sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sí ulé ìránṣọ. Àbújá ni iye mi rò pé mo wà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó yéé ṣọ̀lẹ. Mo gbàgbé pé ẹ̀bá títì tí ọkọ̀ Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọkọ ń gbà lọ sí Adó ni oko yẹn wà. Rárá, irọ́ ni mo ń pa. N kò gbàgbé. N kò kà á sí ni.

Kò pé oṣù kan tí ìyá rẹ̀, tó rò pé Àbújá ni ọmọ òun wà, fi wọ mọ́tò lọ sí Adó nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Táyà jò nítòsí oko náà. Níbi tí wọ́n dúró sí ló ti rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n, tí wọ́dà dúró tì í. Ọmọ náà rí i. Kò sẹ́ni tó pe ẹnì kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá náà gbé oúnjẹ wá kí i lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kọ̀, kò jáde. Èmi fúnra mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí ilé ìránṣọ, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò wá sílé. A ò mọ ibi tó wà títí dòní, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ mí lọ́kàn. Àga iwájú mi ni ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìsìn bá parí, á yíjú sí mi, á máa gbàdúrà fún mi, pé èmi nìkan ni mo ṣe dáadáa sí ọmọ òun lẹ́wọ̀n. Màá sì ṣe àmín.