Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Iṣẹ́ àtúnṣe agogo ni Bàṣírátù kọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìdí tábìlì bàbá náà ló sì jókòó sí títí dòní, nítòsí gáréèjì ní Ìsẹ́yìn. Àṣà kan wà tí kò lè fi sílẹ̀: tó bá ti pààrọ̀ bátìrì tán, yóò wo fóònù rẹ̀, yóò sì yí ọwọ́ agogo náà sí àkókò gan-an. Agogo tó ń purọ́ kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyáàfin Mọ́ládé, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, gbé agogo ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú wá. Bàṣírátù yọ bátìrì àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó dé e padà, ó sì tún àkókò rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, tìbínú-tìbínú.

"Bàṣírátù, ta ló ní kí o fọwọ́ kan àkókò mi? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sún un síwájú ni! Láàárọ̀ yìí mo wò ó, mo yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo wá fara balẹ̀ mu ògì mi. Kí n tó dé ilé-ìwé, àwọn ọmọ ti kọrin àárọ̀ tán!"

"Ẹ má bínú, mà. Àmọ́ àkókò tó péye nìyẹn."

"Dá a padà sí bó ṣe wà."

Bàṣírátù gba agogo náà, kò yí i. "Ṣé kí n wá fi irọ́ sínú agogo ni, mà?"

"Irọ́ tí mo ti mọ̀ ni," ọ̀gá dá a lóhùn. "Òótọ́ tìẹ ló jẹ́ kí n pẹ́."